Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ohun tó gbé géèmù The Legend of Zelda dé ẹnu gbogbo ayé

Òkun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ sì kú ìfẹ́ sí abala yìí. Lẹ́tà mẹ́ta tí a fẹ́ dáhùn lóṣù yìí dá lórí géèmù kan ṣoṣo, The Legend of Zelda, èyí tí ilé iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáánì gbé jáde ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 1986. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló fa ìdáhùn tó gùn jù, nítorí òun ló béèrè gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìsánlú ni mo ń gbé. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi láti Lọ́kọ́ja. Ẹ̀rọ géèmù Nintendo tí bàbá rẹ̀ rà fún un ni ó ń gbé kiri. Àwọn géèmù tí èèyàn inú wọn rí bí ẹni tí a fi kámẹ́rà yà wà lórí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò wo ìkankan nínú wọn. Ògbólógbòó géèmù kan ló dì mọ́. Mo wò ó títí: ọmọ ènìyàn bíńtín kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ni mo rí, tó ń rìn láàárín igbó tí igi rẹ̀ rí róbótó-róbótó bí àkàrà tí wọ́n tò sórí àtẹ. Bàbá rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé géèmù náà ti lókìkí kí òun tó wọ ilé ìwé, àti pé òkìkí rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Kí ló wà nínú ohun tí àwòrán rẹ̀ kò jọjú tó bẹ́ẹ̀, tó fi gba ọkàn ayé?
Olùkọ́ àgbà, Ìsánlú

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, bàbá wa. Ìdí tí àwọn èèyàn máa ń kà sílẹ̀ fún òkìkí géèmù yìí pọ̀, òótọ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo gbà pé òun ló bí àwọn yòókù: ìmọ̀ tí géèmù náà ń béèrè ju èyí tí orí ẹnì kan lè kó. Àwọn tó ṣe é fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé, bó pẹ́ bó yá, ẹni tó ń gbá a yóò dìde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, yóò sì lọ bi ẹlòmíràn léèrè. Ẹnu àwọn tó ń béèrè àti àwọn tó ń dáhùn ni géèmù náà gbà kárí ayé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Akọni inú rẹ̀, Link, dúró ní gbangba láàárín àpáta, kò ní idà lọ́wọ́, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan lọ sókè, ọ̀kan lọ sápá òsì, ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, ihò dúdú kan sì là sára àpáta tó wà lókè rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú ẹ̀rọ tó ní kó gba ibì kan. Bí ó bá wọ inú ihò náà, yóò bá bàbá arúgbó kan tó dúró láàárín iná méjì, bàbá náà yóò kìlọ̀ fún un pé ewu ni kí èèyàn dá nìkan rìn, yóò sì fún un ní idà. Bí kò bá wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní pè é padà. Yóò kàn máa lọ bẹ́ẹ̀ láìní idà, títí tí yóò fi kó sọ́wọ́ ọ̀tá ni. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni géèmù náà ti fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbá a, tó sì ti jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí òun kò bá yọjú wò lè jẹ́ ohun tí òun nílò jù.

Lásìkò yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ géèmù ní. Ẹ wo Super Mario Bros. tó jáde lọ́dún 1985, tí ọwọ́ kan náà ṣe, tí wọ́n sì ń ṣe lásìkò kan náà pẹ̀lú Zelda: apá ọ̀tún ni Mario ń sáré lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ibi tó bá sì ti kọjá, kò lè padà síbẹ̀ mọ́. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka, tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ méjèèjì, mọ̀ọ́mọ̀ ya èrò wọn sọ́tọ̀. Èrò tó bá jẹ mọ́ eré sísá tààrà, wọ́n fi fún Mario. Èyí tó bá jẹ mọ́ kí èèyàn máa rìn káàkiri, kó máa ṣèèṣì bá nǹkan pàdé, kó sì tún padà wá síbi tó ti kọjá, wọ́n kó o pamọ́ fún Zelda.

Ọ̀dọ̀ ìgbà èwe Miyamoto ni èrò yìí ti wá. Ọdún 1952 ni wọ́n bí i ní Sonobe, ìlú kékeré kan nítòsí Kyoto tí òkè àti igbó yí ká. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń rin inú igbó láìní máàpù lọ́wọ́, ó sì ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà bí òun ṣe rí ihò kan nínú àpáta, bí ẹ̀rù ṣe kọ́kọ́ ba òun láti wọ ibẹ̀, àti bí òun ṣe wá mú fìtílà dání padà lọ wò ó. Ìmọ̀lára ọmọ tó gbé fìtílà dání lẹ́nu ihò náà ló fẹ́ fi fún àwọn tí kò ní igbó lẹ́yìnkùlé wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà lágbègbè wa mọ ohun tí ó ń wí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ògìdì tàbí ní ẹsẹ̀ òkè yòówù ní ilẹ̀ Òkun mọ bí inú ṣe máa ń dùn tí àyà sì máa ń já lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí èèyàn bá yí àpáta kan po tó sì rí i pé ibì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Àwòrán tí ẹ ní kò jọjú yẹn kò dí ìmọ̀lára yìí lọ́wọ́, bí àlọ́ kò ṣe nílò àwòrán kí ọmọdé tó sún mọ́ apàlọ́.

Ilẹ̀ tí Link ń rìn, Hyrule, pín sí ojú ìran 128, àjà ilẹ̀ mẹ́sàn-án sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ganon, olórí àwọn aburú, ti gbé ọmọbìnrin ọba, Zelda, lọ, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó tẹ ọmọbìnrin náà, ó ti pín ohun iyebíye onígun mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní Triforce ti ọgbọ́n sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó sì ti fi wọ́n pamọ́ káàkiri. Wíwá wọn ló gbé iṣẹ́ ró. Ẹnu ọ̀nà àwọn àjà ilẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n ti ìkẹjọ wà lábẹ́ igi kan tí èèyàn ní láti fi àbẹ́là sun, ti ìkẹsàn-án wà lẹ́yìn àpáta tí bọ́ǹbù nìkan lè là, ti ìkeje sì wà nísàlẹ̀ adágún omi kan. Igi tí wọ́n fi ihò pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí igi yòókù rárá.

Níbí ni kí ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí mo wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní Kàbà nígbà tí àbúrò màmá mi ti Amẹ́ríkà dé, tó gbé ẹ̀rọ Nintendo wálé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó bá a mu, tiransifọ́má tó ń dín agbára iná kù, àti kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń dán bíi wúrà. Ìwé ìlànà rẹ̀ ti sọnù sọ́nà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń gbá a. Nígbà tí a gbọ́ pé igi ṣeé sun, a ra àbẹ́là aláwọ̀ búlúù inú géèmù náà, èyí tí kì í tàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójú ìran kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ti sun igi kan tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀, a ní láti jáde kúrò níbẹ̀, kí a padà wọlé, kí a tó lè sun èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi yóò máa fi bírò sàmì sí èyí tí a ti sun nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, èmi yóò máa wọlé, èmi yóò máa jáde. Nígbà tí igi kan jóná tán lọ́jọ́ kan tí àtẹ̀gùn dúdú yọ lábẹ́ rẹ̀, ariwo tí a pa gbé màmá wa jáde láti ilé ìdáná, ọmọrogùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti adágún omi ni kò yé wa rárá. Àwọn adágún kan jọ ara wọn nínú géèmù náà. Iwin tó máa ń wo Link sàn wà nínú àwọn kan, ọ̀kan sì ṣófo. A ju bọ́ǹbù sí i lẹ́bàá, a sun gbogbo igi tó wà níbẹ̀, pàbó ló já sí. Ọmọkùnrin kan wà ní Ìsánlú tiyín níbẹ̀, bàbá wa, tí àwọn òbí rẹ̀ ti òkè òkun dé tí òun náà sì ní irú kásẹ́ẹ̀tì yìí. A kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló dárúkọ rẹ̀ fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà, ó fi rán awakọ̀ tó ń ná Kàbà sí Ìsánlú, lọ́jọ́ kẹta èsì dé nínú ìwé tí wọ́n ká sí mẹ́rin: "Ẹ lọ sí adágún tí kò ní iwin, kí ẹ fọn fèrè." A fọn fèrè, omi gbẹ, àtẹ̀gùn yọ. Ìdúpẹ́ tí a kọ padà sí i gùn ju ìbéèrè lọ, a sì fi àṣírí tiwa mẹ́ta kún un. Láti ìgbà náà ni a ti di ọ̀rẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Kàbà àti Ìsánlú yìí ló ti ṣẹlẹ̀ ní Jàpáánì láti 1986 àti ní Amẹ́ríkà láti 1987, ní àgbàlá ilé ìwé, nínú bọ́ọ̀sì àti ní ẹnu ọ̀nà ilé. Nintendo ní Amẹ́ríkà gba àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n jókòó ti tẹlifóònù, kí wọ́n máa dá àwọn ọmọdé tó sọnù sínú géèmù lóhùn. Wọ́n ń fi ìwé ìròyìn pélébé ránṣẹ́ sí ilé àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀, èyí tó di odindi magasíìnì lọ́dún 1988. Ẹni tó bá mọ ohun kan nípa Zelda tí ẹlòmíràn kò mọ̀ ní nǹkan tó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ní kíláàsì. Ìpolówó tó tóbi jù lọ nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Mi ò ní bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àṣírí kan wà tí kò sí ọgbọ́n orí tó lè tú u, àfi kí èèyàn dán gbogbo rẹ̀ wò bí àwa ṣe ṣe. Èdè Òyìnbó tí wọ́n tú u sí wọ́ níbi púpọ̀. Ìwé ìlànà ti Amẹ́ríkà tilẹ̀ ṣi àwọn ọmọdé lọ́nà: ó sọ pé ẹ̀dá eléti gígùn kan tó ń jẹ́ Pols Voice kórìíra ariwo. Òótọ́ ni ní Jàpáánì, nítorí pádì kejì ti ẹ̀rọ ọ̀hún ní makirofóònù, tí èèyàn bá pariwo sínú rẹ̀, ẹ̀dá náà yóò kú. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní makirofóònù, nítorí náà àwọn ọmọdé ń fọn fèrè inú géèmù sí i títí tó fi sú wọn. Ọfà ló ń pa á. Àṣìṣe yìí pàápàá di ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn.

Ohun kejì tó jẹ́ kí géèmù tó fẹ̀ báyìí ṣeé ṣe ni ìrántí. Ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà náà ló jẹ́ pé tí a bá ti pa ẹ̀rọ, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni a ó tún ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn mìíràn sì máa ń fún èèyàn ní ọ̀rọ̀ ìwọlé gígùn tó gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Ní Jàpáánì, orí díìsìkì tó ṣeé kọ nǹkan sí ni Zelda ti jáde, ní ọjọ́ kan náà tí ẹ̀rọ tó ń ka díìsìkì náà jáde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tà á ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀rọ díìsìkì kò sí níbẹ̀, wọ́n fi bátìrì kékeré kan sínú kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ohun tí èèyàn ti ṣe má bàa parẹ́. Wọ́n tipa báyìí sọ géèmù di ohun tí èèyàn lè máa bá bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ìtàn tí a pín sí alẹ́ mélòó kan.

Bátìrì náà ní ìlànà tirẹ̀. Kí èèyàn tó pa ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ bọ́tìnnì RESET mọ́lẹ̀, kó má jù ú sílẹ̀, kó wá fi ọwọ́ kejì tẹ POWER. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó fi pamọ́ lè bàjẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iná ní Kàbà kì í dágbére kó tó lọ. Ọjọ́ tí a ní ẹ̀yà Triforce mẹ́fà lọ́wọ́ ni iná lọ bí ẹni pa fìtílà, nígbà tó sì dé padà, ibi tí orúkọ wa wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Mo tún rántí pé a bẹ̀rẹ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọjọ́ mẹ́rin péré ni a sì fi dé ibi tí ó ti gbà wá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tẹ́lẹ̀, nítorí ìmọ̀ tí a ti kó jọ kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì, orí wa ló wà. Nígbà náà ni ó hàn sí mi pé kò sí ohun tó ń lágbára nínú géèmù yìí bí ẹni tó ń gbá a fúnra rẹ̀.

Orin rẹ̀ náà kó ipa tirẹ̀. Koji Kondo tó kọ ọ́ ti fẹ́ lo Boléro ti Maurice Ravel fún ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni wọ́n rí i pé ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí orin náà kò tíì kásẹ̀. Kíá ni Kondo jókòó tó kọ òmíràn dípò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi dá Zelda mọ̀ títí di òní. Ẹ sọ fún ọmọ náà kó gbé ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sókè fún yín.

Ìbéèrè

Olóòtú, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Kàbà, ọmọ ogún ọdún. Lójú tèmi, owó ìpolówó Nintendo àti kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wúrà ló ta géèmù yìí. Mo gbìyànjú rẹ̀, mo kú nígbà mẹ́wàá láàárín ìdajì wákàtí, mo sì pa á tì. Ǹjẹ́ ìgbà èwe àwọn àgbà kọ́ ni wọ́n ń ṣàárò, tí wọ́n fi ń yìn ín?
Akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà

Ìdáhùn

Àbúrò wa, ìbéèrè rẹ bọ́gbọ́n mu. Kásẹ́ẹ̀tì tó dán yẹn fa ojú àwọn ọmọdé mọ́ra lórí igbá ọjà, nítorí aláwọ̀ eérú ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì Nintendo yòókù. Ó fa ojú tèmi náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìpolówó wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìpolówó lè ṣe ni pé kí èèyàn rà á lẹ́ẹ̀kan. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ ẹ̀dà géèmù yìí tí wọ́n tà káàkiri ayé, nígbà tí àwọn tó rà á sì parí rẹ̀, wọ́n rí i pé wọ́n ti fi géèmù kejì pamọ́ sẹ́yìn àkọ́kọ́, tí àwọn àjà ilẹ̀ inú rẹ̀ yàtọ̀, tí ẹnu ọ̀nà wọn sì ti ṣípò. Ẹni tó bá ti gbọ́ àṣírí náà lẹ́nu ẹlòmíràn lè kọ ZELDA gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ níbi ìforúkọsílẹ̀, kó sì bọ́ sí i tààrà. Ìpolówó kọ́ ló ń mú kí èèyàn tún ìrìn kan náà rìn.

Ní ti àárò, mo gbà pé ó ń ṣe wá, tèmi kò sì kéré. Àmọ́ wo ohun tí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ṣe. Lọ́dún 1998, nígbà tí wọ́n gbé Ocarina of Time jáde fún ẹ̀rọ Nintendo 64, ayé Zelda ti di èyí tí èèyàn lè yí ká tọ̀tún tòsì, ọ̀pọ̀ sì ṣì ń kà á mọ́ àwọn géèmù tó dára jù lọ tí wọ́n tíì ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Zelda tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í di ọwọ́ ẹni tó ń gbá wọn mú: wá síbí, gba èyí, lọ sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Breath of the Wild tó jáde lọ́dún 2017, ibi ti 1986 ni wọ́n padà sí. Wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣe géèmù kékeré kan fún ìdánwò, tí àwòrán rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, láti fi wo bí iná yóò ṣe máa jó igi àti bí nǹkan yóò ṣe máa kan ara wọn. Géèmù tó ti inú ìdánwò náà jáde ti tà ju mílíọ̀nù 30 lọ, púpọ̀ nínú àwọn tó rà á ni wọn kò sì tíì dáyé lọ́dún 1986. Àwọn wọ̀nyí kò ní àárò kankan tó ń ṣe wọ́n.

Ní ti ikú mẹ́wàá tí o kú, mo fura pé o kò wọ inú ihò àkọ́kọ́ yẹn lọ gba idà. Bí o bá ti gbà á, má ṣe lọ wo ọ̀nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wá ọ̀rẹ́ kan tí ẹ ó jọ gbá a, kí ẹ pín ilẹ̀ náà sí méjì, kí ìwọ máa wá ìlà oòrùn, kí òun máa wá ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ sì máa pàdé nírọ̀lẹ́ láti sọ ohun tí ẹ rí. Fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí o tún kọ̀wé sí mi.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ń gbá géèmù Zelda àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ bùọ̀dá rẹ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Èkíní, ó ń pe ọkùnrin kékeré inú rẹ̀ ní Zelda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bá a jà pé kò rí bẹ́ẹ̀; ta ló jàre? Èkejì, ó ti fi àwòrán òkè àti igi kún ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ṣé kí n gba géèmù náà lọ́wọ́ rẹ̀?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Mọ̀pà

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jàre, màmá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àìmọye èèyàn káàkiri ayé ló ń ṣe àṣìṣe yẹn. Link ni akọni tó ń rìn. Zelda ni ọmọbìnrin ọba tí ó ń wá. Ara orúkọ Zelda Fitzgerald, ìyàwó òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà nì, F. Scott Fitzgerald, ni Miyamoto ti mú orúkọ náà, nítorí pé ó dùn létí rẹ̀.

Ní ti ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba géèmù náà. Ẹ fún un ní wákàtí tó mọ níwọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, kí ẹ sì mọ̀ pé máàpù ni ọmọ náà ń yà. Iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe géèmù náà retí pé kó ṣe gan-an nìyẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi náà sì ṣe é. Ohun tó kù ni kí ẹ gba ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ra ìwé ìṣirò alápòótí kéékèèké fún un. Kó ka àpótí 16 lọ sí ìbú, kó ka 8 lọ sí òró, kó fa ìlà yí wọn ká; 128 ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, àpótí kan fún ojú ìran kan. Kó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, kó má fi bírò, nítorí yóò ní láti pa á rẹ́ dáadáa kó tó rí ibi tí igbó àwámárìdìí kan nínú géèmù náà wà.